Ẹ Yéé Lé Ẹ̀mí Èṣù Jáde Lára Ẹni Tó Ń Ṣọ̀fọ̀

 

Mi ò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ yìí rárá. Mo ti sọ fún ìyàwó mi pé n ó dákẹ́, òun náà sì ní kí n dákẹ́. Ṣùgbọ́n láti àná, ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti fi ohùn kan náà ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ohùn ọ̀kan nínú àwa òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí a wà lágbègbè yìí. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n jẹ́ fún mi nínú iṣẹ́ ìránṣẹ́, wọ́n sì ti dúró tì mí nígbà tí kò sẹ́ni tó fẹ́ dúró tì mí. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ẹ̀mí àjèjì ló wọ inú gbogbo ọ̀dọ́ tó sunkún nítorí pé fíìmù òyìnbó kan parí lóru ọdún tuntun, kí àwọn òbí tètè kó wọn wá fún ìtúsílẹ̀ kí oṣù kìíní tó tán. Wọ́n wá ka Esekíẹ́lì orí 8 ẹsẹ 14, níbi tí wòlíì ti rí àwọn obìnrin tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé Olúwa, tí wọ́n ń sunkún Támúsì. Lẹ́yìn wọn nínú ohùn náà, ẹ ó gbọ́ tí àwọn èèyàn ń pariwo "Fáyà! Fáyà!"

Èmi ò bá wọn pariwo fáyà. Gbangba ni wọ́n ti sọ tiwọn, gbangba ni n ó ti fèsì. Àti pé ohun tí wọ́n ní ká ṣe yẹn, wọ́n ti ṣe é nínú ìjọ tèmi níbí ní Adégbàyí, ní Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú ọdún. Ojú mi báyìí ló ṣe.

Àwọn àgbàlagbà ẹgbẹ́ mi á máa bèèrè pé fíìmù wo tiẹ̀ ni. Stranger Things ni orúkọ rẹ̀. Àròsọ sáyẹ́ǹsì ni, irú ìtàn tó máa ń bèèrè pé bí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ bá lè ṣe báyìí-báyìí, kí ló máa gbẹ̀yìn ẹ̀? Àwọn ọmọ tiwa náà ti ń ṣe irú ẹ̀, àwọn ló gbé Iwájú jáde ní 2024, tó ń sọ̀rọ̀ Èkó bó ṣe máa rí lọ́jọ́ iwájú. Àwọn ìbejì kan tó ń jẹ́ Matt àti Ross Duffer ló dá Stranger Things sílẹ̀. Apá kìíní jáde lórí Netflix ní oṣù keje 2016, apá karùn-ún tó kẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá 2025. Ìlú kékeré kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n pè ní Hawkins ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, láyé ìgbà tí èmi wà ní ọmọ iléèwé. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin kan ń bá ara wọn ṣọ̀rẹ́, ọ̀kan sọnù. Níbi tí wọ́n ti ń wá a ni wọ́n ti rí ọmọbìnrin kan tí nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pè é: Eleven, ìyẹn Kọkànlá. Àwọn onísáyẹ́ǹsì ìjọba ló tọ́ ọ nínú yàrá ìwádìí, wọ́n ń fi í dán nǹkan wò bí ẹni fi eku dán an wò. Ó lè fi èrò ọkàn gbé nǹkan. Nínú ìdánwò yẹn náà ni ilẹ̀kùn ti ṣí sí ayé kan tó dà bí tiwa, àmọ́ tó ti jẹrà, tó sì ṣókùnkùn. Ọmọ ọdún méjìlá ni ọmọ tó ṣe Eleven nígbà tí fíìmù náà kọ́kọ́ jáde. Kó tó parí, ó ti rélé ọkọ. Àwọn ọmọ tó ń wò ó nílé náà ti dàgbà bẹ́ẹ̀.

Ìpín tó kẹ́yìn jáde ní aago 8 alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù kejìlá, aago ti New York. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Aago méjì òru ọjọ́ kìíní oṣù kìíní nìyẹn lọ́dọ̀ tiwa.

Àwa sì rèé lóru yẹn, àìsùn là ń ṣe. Gbogbo ìjọ láti Ìwó Road dé Ẹgbẹ́dá ló ń lu ìlù. Ní aago méjìlá a kígbe, a dì mọ́ra, a fi òróró yan orí àwọn ọmọ. Nígbà tó di aago kan kọjá díẹ̀, mo rí i láti orí pẹpẹ pé iná fóònù ti ń tàn ní ìlà ẹ̀yìn níbi tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń jókòó sí. Wọ́n ń wo aago. Inú bí mi. Mo fi wọ́n ṣe àpẹẹrẹ, mo ní àwọn kan wà tí ara wọn wà nílé Ọlọ́run àmọ́ tí ọkàn wọn ti sun Netflix lọ. Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ń sọ èyí kí ẹ má baà rò pé ọwọ́ mi mọ́ nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ.

Ẹ̀yin tí ẹ gbà á lórí Telegram láìsanwó, olè lẹ jà o. Ìyẹn di ọjọ́ mìíràn.

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e, ọjọ́ kẹrin oṣù, màmá kan nínú ìjọ mú ọmọ rẹ̀ obìnrin wá bá àwọn ajagun àdúrà wa lẹ́yìn ìsìn. Ọmọ náà ti lé lógún ọdún, ó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, kì í ṣe ọmọ tó ń da ẹnikẹ́ni láàmú. Màmá ẹ̀ ní láti ìdájí ọdún tuntun ló ti ń sunkún, pé òun jí ní aago márùn-ún, òun bá a lórí ilẹ̀ ní pálọ̀, ó di fóònù mú, ojú ẹ̀ ti wú. Wọ́n bi í pé kí ló dé. Ó ní fíìmù ni.

Ìyẹn ti tó. Wọ́n mú un wọ yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn pẹpẹ, ẹni mẹ́fà yí i ká, wọ́n ń fi ọwọ́ tì í lórí, wọ́n ní kí ẹ̀mí tó wà nínú ẹ̀ dárúkọ ara ẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ti gbọ́ pé Eleven lorúkọ ọmọ inú fíìmù yẹn. Ló bá ń pariwo: "Eleven, jáde! Mo ní kóo jáde!" Bí mo ṣe ń kọ ọ́ báyìí, ó fẹ́ẹ́ pa mí lẹ́rìn-ín. Kò pa mí lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo wọlé, bàtà ọmọ náà kan ti bọ́, ìborùn ẹ̀ ti já bọ́ sílẹ̀, ó jókòó lórí ilẹ̀, kò sunkún mọ́. Ó kàn ń wo ilẹ̀ ni. Àwọn yẹn ní, "Dádì, ó ti gba ìtúsílẹ̀, ẹ wò ó, ẹkún ti dá."

Mo ní kí gbogbo wọn jáde, màmá ẹ̀ náà.

Kí n tó dé orí ohun tí ọmọ náà bá mi sọ, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ẹ̀gbọ́n mi lóhùn, torí Bíbélì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Òrìṣà ni Támúsì. Àwọn tó ń bọ ọ́ gbà pé ó máa ń kú, pé ewéko á rọ tí ó bá kú. Ìsìn ni ẹkún àwọn obìnrin yẹn. Ta ló ń bọ Eleven ní Adégbàyí? Ta ló pa adìyẹ fún un? Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí tí kò mọ̀ pé òṣèré ni, wọ́n mọ orúkọ tí bàbá ẹ̀ sọ ọ́, wọ́n mọ ọkọ tó fẹ́. Àti pé, ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tí ẹ fò lọ sí ẹsẹ 14? Ẹ ka ẹsẹ 11 àti 12 fún wa. Kí Ọlọ́run tó fi obìnrin kankan han Esekíẹ́lì, àádọ́rin àgbààgbà ló kọ́kọ́ fi hàn án, tí wọ́n wà nínú òkùnkùn, kálukú pẹ̀lú àwo tùràrí tiẹ̀ lọ́wọ́, tí wọ́n ń sọ pé Olúwa ò rí àwọn. Àgbààgbà ìjọ nìyẹn o. Mi ò tíì gbọ́ ohùn WhatsApp kan tó ka ẹsẹ yẹn.

Ẹ tún bá mi lọ sí Sámúẹ́lì kejì orí 12. Nátánì lọ bá Dáfídì, ó sọ fún un nípa ọlọ́rọ̀ kan tó ní agbo ẹran, àti tálákà kan tó ní ọmọ àgùntàn kan ṣoṣo, tó ń bá a jẹ, tó ń bá a mu. Ọlọ́rọ̀ gba àgùntàn tálákà, ó fi se àlejò. Kò sí ọlọ́rọ̀ kankan o. Kò sí tálákà, kò sí àgùntàn. Àròsọ ni látòkè délẹ̀. Síbẹ̀ Dáfídì, ọba, ẹni tó pa Gòláyátì, inú ẹ̀ ru, ó búra pé ikú ló tọ́ sí ọkùnrin náà. Ó bínú sí ẹni tí kò sí, nítorí ẹran tí kò sí. Ṣé Nátánì wá kígbe pé "Ẹ̀mí àgùntàn, jáde"? Ojú ibi tí ìtàn là sí nínú ọkàn ọba ni Ọlọ́run gbà wọlé. Ká ní Dáfídì jẹ́ irú ẹni tí ìtàn kì í dùn lára, ká ní ó sọ pé, "Wòlíì, ìtàn lásán nìyẹn, kí ló kàn mí," ọ̀rọ̀ Bátíṣébà ì bá ṣì wà níbi tó bò ó mọ́lẹ̀ sí.

Ìbàdàn yìí náà ni tẹlifíṣọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, WNTV, ní 1959. Ta ni nínú àwa tí a ti kọjá àádọ́ta ọdún tí kò sá nítorí Fádèyí Olóró nínú Àrélù ti Jimoh Aliu? Ojú fèrèsé ilé onílé la ti ń wò ó, tó bá parí, ṣe la máa ń di ọwọ́ ara wa mú délé, ẹni tó gboyà jù á máa rìn láàárín. Nígbà tó yá, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Mount Zion ti Mike Bamiloye gbé Agbára Ńlá jáde. Ẹ̀yin pásítọ̀ ẹgbẹ́ mi, ẹ má parọ́, ṣé Ìṣáwùrú ò dẹ́rù bà yín? Mo mọ ẹnìkan tó fi ayé ẹ̀ fún Kristi lọ́jọ́ tó wo fíìmù yẹn. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, torí òun ló ń kọ ohun tí ẹ ń kà yìí. Eré sì ni. Wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé kí wọ́n tó ṣe é. Tí wọ́n bá ti pa kámẹ́rà, ẹni tó ṣe Ìṣáwùrú á lọ jẹun. Mo sunkún títí, mo kúnlẹ̀, kò sẹ́ni tó pe ẹkún tèmi ní ẹ̀mí àjèjì. Wọ́n kọ orúkọ mi sílẹ̀, wọ́n fún mi ní ìwé pélébé kan kí n máa kà. Títí dòní la ṣì ń dáwó fún fíìmù ìhìnrere, torí a mọ̀ pé ìtàn máa ń wọ èèyàn lára. A ò lè gbà bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá ń gbè wá, ká wá pè é lẹ́ṣù nígbà tí kò gbè wá.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sínú yàrá yẹn.

Mo fún un lómi. Mo ní, "Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ fíìmù nìkan kọ́ lèyí. Sọ fún mi." Ó dákẹ́ títí. Ó wá ní, "Dádì, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la jọ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀."

Mo rántí ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Èmi ni mo sin ín.

Ní 2017 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wò ó, òun ọmọ ọdún méjìlá, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Fóònù kan ni, ìyápíìsì kan ni, wọ́n á fi ojú kan sétí èyí, wọ́n á fi ìkejì sétí èkejì. Òru ni wọ́n máa ń wò ó, torí dátà òru ló dínwó. Tí bátìrì bá kú, tí iná ò sì sí, wọ́n á jókòó sínú òkùnkùn, wọ́n á máa méfò ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí Eleven, títí màmá wọn á fi jágbe mọ́ wọn láti yàrá. Apá kẹrin parí ní ọjọ́ kìíní oṣù keje 2022, kò sì parí síbi tó dáa: ilẹ̀ ìlú náà ya, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ sùn sórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù kò jí. Àwọn méjèèjì jọ bínú ni. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní nígbà tí ìkẹyìn bá dé, àwọn á sanwó Netflix bí ọmọ olówó, àwọn á wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n ńlá. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn ló ṣàìsàn ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ìjọ nígbà náà rántí bó ṣe rí.

Ìkẹyìn yẹn ò wá tètè dé. Ní 2023, àwọn òǹkọ̀wé Hollywood daṣẹ́ sílẹ̀, àwọn òṣèré náà dà á sílẹ̀, gbogbo nǹkan dúró. Ó lé ní ọdún mẹ́ta kí apá karùn-ún tó jáde, ọmọ yìí sì ń ka oṣù. Ó ní, "Dádì, bí kò ṣe tíì parí yẹn, ó dà bíi pé nǹkan kan ṣì kù tí èmi àti òun fẹ́ jọ ṣe." Ó tu owó jọ níbi tó ti ń bá wọn ta aṣọ ní Gbági, ó san ti oṣù kan. Tẹlifíṣọ̀n wà nílé, iná sì wà lóru ọjọ́ náà, àmọ́ ó ní òun ò lè wò ó níbẹ̀. Fóònù ló fi wò ó. Ó fi ojú ìyápíìsì kan sétí, ó jẹ́ kí ìkejì máa rọ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi méjèèjì sétí. Ó wò mí bíi pé èmi ni ọmọdé.

Bó ṣe parí rèé. Eleven dúró sẹ́yìn nínú ayé òkùnkùn yẹn bí wọ́n ṣe ń pa á run, ojú àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló ṣe, wọn ò rí i mọ́. Lẹ́yìn náà àkókò kọjá, wọ́n parí iléèwé, wọ́n kóra jọ sí yàrá abẹ́ ilé níbi tí wọ́n ti máa ń ṣeré láti kékeré, wọ́n jókòó yí tábìlì ká. Mike, tó fẹ́ràn ọmọbìnrin náà, wá sọ ìtàn kan fún wọn, pé bóyá ó ráyè sá àsálà, pé bóyá ó wà níbì kan tó jìnnà, tí ara ti tù ú. Kò sẹ́ni tó lè fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Kálukú wọn ní òun gbà á gbọ́. Fíìmù náà ò sọ bóyá ó kú ni o, tàbí ó wà láàyè.

Ọmọ náà ní, "Dádì, wọ́n jókòó, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ẹ̀, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n dákẹ́. Nílé wa a kì í dárúkọ ẹ̀gbọ́n mi mọ́. Mọ́mì ní ẹ ní ká má sunkún."

Èmi ni "ẹ" yẹn.

Mo sọ ọ́. Ní 2022, nínú pálọ̀ wọn, mo ṣí Tẹsalóníkà kìíní 4:13, mo sọ fún obìnrin tí ọmọ ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú pé onígbàgbọ́ kì í sunkún bíi kèfèrí, pé tó bá ń sunkún inú èṣù á máa dùn. Mo ní kí wọ́n gbé fọ́tò ọmọkùnrin náà kúrò lára ògiri fúngbà díẹ̀. Mo ní kí àwọn akọrin gbé orin ọpẹ́. Obìnrin náà jó. Mo rántí pé mo wú nínú pé ìgbàgbọ́ ẹ̀ lágbára. Ọdún mẹ́ta ti kọjá, fọ́tò yẹn ò tíì padà sára ògiri.

Mo ní díplómà nínú ẹ̀kọ́ ìsìn o, ó wà nínú férémù ní ọ́fíìsì mi. Mo sì ka ẹsẹ yẹn lódì. Pọ́ọ̀lù ò ní kí wọ́n má ṣọ̀fọ̀, ó ní kí wọ́n má ṣọ̀fọ̀ bí àwọn tí kò nírètí. Pọ́ọ̀lù kan náà ló ní kí àwọn ará Róòmù máa bá àwọn tó ń sunkún sunkún. Jésù mọ̀ pé Lásárù á jáde láìpẹ́, síbẹ̀ ó sunkún kó tó dé ibojì. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni Ísírẹ́lì fi sunkún Mósè ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Móábù. Dáfídì kọrin arò fún Jónátánì, ó ní kí wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ Júdà. Ọmọbìnrin Jẹ́fútà, ọjọ́ mẹ́rin lọ́dọọdún ni àwọn ọmọbìnrin Ísírẹ́lì fi ń ṣọ̀fọ̀ ẹ̀. Lọ́dọọdún! Àwa, ìsìn àdúrà kan la ṣe fún ìyá yìí, a jẹ ráìsì, ó parí.

Àwọn baba wa tí à ń pè ní kèfèrí náà mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ọdẹ bá kú, àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ ẹ̀ á sun ìrèmọ̀jé fún un. Ní apá Ọ̀yọ́ níbi, ìyàwó tó ń lọ ilé ọkọ pàápàá, lọ́jọ́ ayọ̀ ẹ̀, ẹkún ló ń sun kó tó kúrò nílé bàbá ẹ̀. Tó bá jẹ́ òkú ọ̀fọ̀, òótọ́ ni pé a kì í fi ṣe ìnáwó, òbí kì í sì í lọ sójú sàréè, àmọ́ àwọn ará ilé á wá jókòó tì wọ́n lórí ẹní, wọn ò ní í dá wọn dá a. A ní gbogbo ìyẹn ti di ti àtijọ́, a sì gbà á lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa. Kí la wá fi rọ́pò ẹ̀? "Ẹ fi ṣe ti Olúwa." Ẹkún náà ò sì lọ. Inú ọmọ yẹn ló wà fún ọdún mẹ́ta, ó ń wá ojú ibi tó máa gbà jáde, ó wá gba ti Netflix jáde ní aago mẹ́rin ìdájí ọjọ́ ọdún tuntun. Nígbà tó jáde tán, àwa la tún kó ẹni mẹ́fà jọ láti lé e padà sínú.

Ẹ rántí Élì. Hánà ń sunkún ní Ṣílò, ètè ẹ̀ ń mì, a ò gbóhùn ẹ̀, àlùfáà tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ sì jókòó síbẹ̀, ó ní ó ti mutí yó. Élì ṣì í kà bí àwa náà ṣe ṣi ọmọ yìí kà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Hánà ṣàlàyé, Élì gbọ́, ó sì súre fún un. Àwa kì í jẹ́ kí wọ́n ṣàlàyé.

Ẹnìkan á ní, "Pásítọ̀, ti ẹni kan ṣoṣo lẹ̀ ń sọ, àwọn yòókù tó sunkún ńkọ́?" Mo bi wọ́n. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì ọjọ́ Wẹ́sídeè, mo ní kí àwọn ọ̀dọ́ dúró dè mí, mo bẹ̀ wọ́n fún ohun tí mo fi wọ́n ṣe lóru àìsùn, mo ní kí wọ́n sọ òótọ́. Ọ̀kan ní àwọn márùn-ún làwọn jọ máa ń wò ó ní JSS 2. Méjì ti wà ní Kánádà, ọ̀kan wà ní London, ọ̀kan ò gbé ìpè òun mọ́. Òun nìkan ló kù ní Alákíà. Òmíràn ní ọmọ kékeré lòun nígbà tó bẹ̀rẹ̀, òun ti parí yunifásítì báyìí, òun ti ṣe agùnbánirọ̀ tán, òun ò ríṣẹ́, òun ṣì ń sùn ní yàrá kan náà. Ó ní nígbà tí àwọn ọmọ inú fíìmù yẹn dìde kúrò nídìí tábìlì, tí àwọn ọmọ kéékèèké mìíràn wá jókòó síbẹ̀, òun kàn bú sẹ́kún ni. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀mí wo lẹ fẹ́ lé jáde níbẹ̀ yẹn? Ẹ bá mi wá iṣẹ́ fún un.

Mo ti wo ìpín tó kẹ́yìn náà fúnra mi, ó lé ní wákàtí méjì. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni fi han ọmọ kékeré. Èébú wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, ẹranko burúkú tó lè máa wá sójú àlá ọmọ wà níbẹ̀, jálẹ̀ fíìmù náà ni nǹkan sì wà tí ìgbàgbọ́ mi ò fara mọ́. Tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ fẹ́ mọ̀, ìjà tí mo bá ìparí ẹ̀ jà ju ti àwọn onífáyà lọ. "Bóyá" ni wọ́n fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ yẹn. Bóyá ó wà láàyè, bóyá kò sí, kí kálukú yan èyí tó bá wù ú. Àwa ní ju bóyá lọ. Ibojì òfìfo la ní. Ìtìjú tó wà níbẹ̀ ló ń jẹ mí lọ́kàn: àwọn tí kò ní ju bóyá lọ jókòó ti ara wọn, wọ́n sọ̀rọ̀ ẹni tó lọ. Àwa tí à ń wàásù àjíǹde, a ní kí ọmọ gbẹ́nu dákẹ́.

Ọjọ́ Sátidé a lọ sílé wọn, èmi, ìyàwó mi, àti àwọn ajagun àdúrà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Èmi ni mo kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún màmá náà, mo sì bẹ ọmọ ẹ̀. Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Màmá náà wá wọ yàrá lọ, ó gbé fọ́tò náà jáde láti inú àpótí aṣọ, gíláàsì ẹ̀ ti sán. Ó gbé e lé orí tábìlì. Ọmọ náà ní ṣé òun lè sọ nǹkan kan tí ẹ̀gbọ́n òun máa ń ṣe. A ní kó sọ ọ́. Ó ní tí àwọn bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ṣe ló máa ń sín mi jẹ, bí mo ṣe máa ń fi áńkáṣífù nu orí, bí mo ṣe máa ń ní "ìparí ọ̀rọ̀ mi rèé" tí n ó sì tún lo wákàtí kan. Ó ṣe é fún wa. Màmá ẹ̀ rẹ́rìn-ín títí, kò mọ ìgbà tí ẹ̀rín di ẹkún. Kò sẹ́ni tó dá a dúró. Èmi náà ò lè dá ara mi dúró.

Sọ́ńdè tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìsìn, a ò ní tètè lọlé. Kò sí ìwàásù níbẹ̀. Ẹni tó bá ti pàdánù ẹnìkan, kó mú fọ́tò ẹ̀ wá, kó dárúkọ ẹ̀, kó sọ ohun tó bá fẹ́ sọ. Àwọn ajagun àdúrà wa á máa pín omi àti áńkáṣífù. Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti fi àga kan sílẹ̀ fún yín ní ìlà iwájú, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi ń pè yín. Aago mẹ́jọ ni ìsìn bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì wò ó tán, ẹ forí jì mí, mo ti sọ bó ṣe parí.